Ọdún tí Mo So Oògùn Bàbá Àgbà Mọ́ Etí Ìró

Kì í ṣe àkùkọ ló ń jí wa nílé Bàbá Àgbà, igbà ni. Igbà ni okùn tí àwọn akọpẹ máa ń fi yí ara wọn àti ọ̀pẹ ká nígbà tí wọ́n bá ń gùn ún. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Bàbá Àgbà á ti jáde sẹ́yìn ilé, á máa na igbà rẹ̀ mọ́ ìdí igi àgbọn, pàá, pàá, pàá, á sì dẹ etí sí i. Ó ní okùn tó bá fẹ́ já máa ń sọ̀rọ̀ kó tó já, pé àwa èèyàn ni kì í gbọ́. Bí ìró igbà bá ti dákẹ́, ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà á bẹ̀rẹ̀, wọ̀ọ́, wọ̀ọ́, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ẹkù, kòtò tí a ti ń tẹ epo. Lẹ́yìn náà ni rédíò aládùúgbò wa á wá pariwo. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń na aṣọ mọ́ òkúta létí omi, ara mi á kọ́kọ́ rò pé ilẹ̀ ló ń mọ́ nílé wa, pé kí n dìde kí n lọ pọnmi.

Ìfọ̀nyìn ni ilé wa, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni. Bàbá mi àti ìyá mi ń ṣòwò lọ sí òdìkejì ààlà, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn òbí bàbá mi ni wọ́n fi mí sí. N kò mọ ọdún tí mò ń sọ yìí nínú ìwé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti ga dé èjìká Ìyá Àgbà, ọyàn mi kò sì tíì yọ. Ìgbà Révólúsọ̀n ni, nígbà tí àwọn sójà gba ìjọba. Wọ́n ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kámáráàdì, àgbà àti èwe, ọkùnrin àti obìnrin. Rédíò á ní kí a múra, pé ìjàkadì ń tẹ̀ síwájú. Ìyá Àgbà á dáhùn láti ìdí ààrò pé, "Kó máa tẹ̀ síwájú o, ṣùgbọ́n kó má tẹ̀ mí ní ìkòkò." Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Àgbà fi ṣeré, ó kí ìyàwó rẹ̀ pé, "Kámáráàdì, o jí ire bí?" Ìyá Àgbà gbé àkàsà, ẹ̀kọ tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ jẹ, pamọ́. Ó ní ẹni tó bá ní kámáráàdì nílé, kó lọ gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìjọba. Bàbá Àgbà kò jẹun títí ó fi ki Ìyá Àgbà ní oríkì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ó tún fi orúkọ ìyá rẹ̀ kún un. Èmi jókòó sórí odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín. Irú ilé tí mo gbé nìyẹn. Mo dúpẹ́ pé mo gbé ibẹ̀.

Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ pé kí n lọ iléèwé lọ́dún yẹn kí àìsàn Bàbá Àgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan ni, lọ́nà Lagbé, ó ń kọ ẹyìn, èmi wà nísàlẹ̀ tí mò ń ṣa èyí tó já bọ́. N kò gbọ́ ìró àdá mọ́. Mo gbójú sókè, mo rí i tí ó dúró sí àárín ọ̀pẹ, kò gòkè, kò sọ̀, ó kàn gbé orí lé igi. Ó pẹ́ kó tó máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó débi ilẹ̀, òógùn bo ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù bí ọwọ́ ẹni tó ń fọ ẹja. Ó ní, "Àníkẹ́, ó dà bí ẹni pé ẹnìkan fi igbà yí àyà mi ká, ó wá ń fà á." A jókòó níbẹ̀. Nígbà tó yá, igbà náà tú. Ó ní kí n má sọ nílé. Mo sọ nílé.

Ìyá Àgbà fà á lọ sí ilé ìwòsàn, sọ́dọ̀ ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, tí gbogbo wa ń pè ní Màjọ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni Màjọ̀, ó ga, ó tín-ín-rín, ó ń sọ Yorùbá wa, ó sì ń wọ́n Faransé sí i bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ó fi nǹkan gbọ́ àyà Bàbá Àgbà, ó kọ ìwé, ó ní kí wọ́n lọ rí dókítà ní Àjàṣẹ́. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, ìgò kékeré kan ni wọ́n mú bọ̀, kò ju ìka ọwọ́ mi lọ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin, òwú funfun wà lókè rẹ̀, àwọn hóró funfun tíntìntín sì wà nísàlẹ̀. Nílé ìwòsàn, Màjọ̀ ló kọ́ wa bí a ó ṣe lò ó. Mo rántí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn bí ẹni pé àná ni, torí pé lórí ìjókòó tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ni mo wà, kò sí ẹni tó lé mi.

Màjọ̀ ní, "Bàbá, abẹ́ ahọ́n ni ẹ ó fi í sí. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé e mì."

Bàbá Àgbà wò ó. "Oògùn wo ni èèyàn kì í gbé mì?"

"Èyí ni. Bí ẹ bá gbé e mì, ẹ̀dọ̀ yín á jẹ ẹ́ run kó tó débi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n abẹ́ ahọ́n, tààrà ló ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí àyà bá ti fún yín, ẹ jókòó, ẹ fi hóró kan síbẹ̀, kó yọ́. Á máa ta yín díẹ̀. Kí ẹ má dìde kíákíá, torí òòyì lè kọ́ yín. Lẹ́yìn náà, orí á fọ́ yín."

Ìyá Àgbà ní, "Ẹ̀ẹ́n? Àyà ń dun ọkọ mi, ẹ wá fún un ní oògùn tí yóò fọ́ ọ lórí? Pàṣípààrọ̀ ni a wá ṣe níbí ni?"

Màjọ̀ rẹ́rìn-ín. "Màmá, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn wọn ló há. Oògùn yìí ń mú kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ dẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ti àyà yàtọ̀ sí ti orí. Gbogbo rẹ̀ ló ń dẹ̀. Ti orí tó dẹ̀ ló ń fọ́ wọn. Orúkọ rẹ̀ ni tírínítírìn. Ẹ tiẹ̀ mọ̀ pé ohun kan náà ni àwọn òyìnbó fi ń fọ́ àpáta?"

Ìyá Àgbà rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ lórí àga. "Màjọ̀, ọkọ mi ń fa tábà o!"

Màjọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní èyí tó wà nínú hóró kan kò lè pa eṣinṣin, ṣùgbọ́n tábà náà, kí Bàbá fi í sílẹ̀ lónìí, torí òun náà ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ ló pè wá padà. Ó ní, "Inú ìgò yìí ni kó máa wà o. Ẹ máa dé e pinpin. Ẹ má kó o sínú nǹkan mìíràn." Kò sọ ìdí rẹ̀. Àwa náà kò bi í. A rò pé nítorí èèrà ni.

Báyìí ni iṣẹ́ tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàbá Àgbà kò lè jókòó sójú kan, oògùn kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí i, Ìyá Àgbà ní èmi ni ẹsẹ̀ mi yá jù nílé, kí n máa tẹ̀lé e kiri. Ó kọ́kọ́ fẹ́ so àwọn hóró náà mọ́ etí ìró rẹ̀. Etí ìró Ìyá Àgbà ni báńkì ilé wa: kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, òrùka wà níbẹ̀, eyín mi tó kọ́kọ́ yọ pàápàá, ibẹ̀ ló wà kó tó jù ú sórí òrùlé. Ó máa ń sọ pé, "Ohun tí obìnrin bá so mọ́ etí ìró kì í sọnù." Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà ní ìgò ni Màjọ̀ wí, ìgò ni yóò jẹ́. Ìyá Àgbà wá fi àkísà ìró rán àpò kékeré kan, ó fi ìgò sínú rẹ̀, ó gbé e kọ́ mi lọ́rùn. Láti ọjọ́ yẹn, kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ jókòó sídìí ààrò mọ́. Bó bá ti fẹ́ yá iná, á ní, "Dìde níbẹ̀, ìwọ afọ́-àpáta."

Ẹni tó bá bi mí pé kí ló dé tí n kò mọ ìwé, n kì í bínú. Ọdún yẹn ni mo ka ìwé tèmi, ojú Bàbá Àgbà ni. Mo mọ ìgbà tí ètè rẹ̀ bá fẹ́ yí àwọ̀. Mo mọ bó ṣe ń dá ìrìn dúró tí á ṣe bí ẹni ń wo ẹyẹ, kí èmi má bàa mọ̀ pé àyà ti fún un. Màá ní, "Ẹ jókòó, Bàbá Àgbà." Á ní, "Ẹyẹ ni mò ń wò." Màá ní, "Ẹ jókòó kí ẹ máa wò ó." Màá ṣí ìgò, màá fi hóró kan sí i lọ́wọ́, a ó sì dúró. Ó máa ń sọ pé, "Ó ń ta mí." Nígbà tí ènìyàn bá fi lè bó ọsàn kan tán, á mí kanlẹ̀, á fi ọwọ́ di iwájú orí, á sọ ọ́ bí Màjọ̀ pé, "Vualà. Orí ti dé." A ó wá jẹ àkàsà tí Ìyá Àgbà dì fún wa, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ àti ata díndín, lábẹ́ igi, ìrọ̀rùn ọkàn wà lára wa bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé.

Wọ́n ti ní kó má gun ọ̀pẹ mọ́, òun ní àwọn tó ga nìkan ni wọ́n ń bá wí. Ọjọ́ kan, ó dúró sídìí ọ̀pẹ kékeré kan, ó ti fi igbà yíra ká, ó ní, "Àníkẹ́, mo bi Màjọ̀ bí oògùn yìí ṣe ń ṣe é. Ó ní òun kò mọ̀ tán, pé àwọn ọ̀gá òun ṣì ń wádìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n. Wò ó." Ó fara tì sẹ́yìn, igbà le bí irin. "Bí mo bá fà á báyìí, èmi àti igi ti di ọ̀kan. N kò lè gòkè, n kò lè sọ̀." Ó sún mọ́ igi, igbà rọ̀, ó jù ú sókè, ó gbé ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé e. "Ṣé o rí i? Nígbà tó dẹ̀ ni mo rìn. Gbogbo ènìyàn rò pé fífà ni agbára akọpẹ. Dídẹ̀ ni. Oògùn yẹn ló ń wí fún ara mi pé kó dẹ igbà." N kò gbàgbé rẹ̀ rí.

Ó wá ku ohun tí mo ṣe. Mò ń ti oko igi ìdáná bọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin àdúgbò, mo ti gbàgbé láti bọ́ ìgò sílẹ̀ fún Bàbá Àgbà, ẹnìkan nínú wọn ní kí a sáré, pé ẹni tó bá kẹ́yìn ni ìyàwó Délégé. Délégé ni ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí àdúgbò, ó sanra, ó sì burẹ́wà. Ta ló fẹ́ jẹ́ ìyàwó rẹ̀? Mo sáré. Gbòǹgbò kan kọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo ṣubú dojú bolẹ̀, igi tú ká. Mo gbọ́ ìró kékeré kan lábẹ́ àyà mi, kẹ́ẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá fọ́ ẹyin. Mo jẹ́ kí àwọn yòókù máa lọ. Mo ṣí àpò náà, ìgò ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Mo ṣa hóró kọ̀ọ̀kan kúrò láàárín àfọ́kù, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo kà wọ́n, kò sí ọ̀kan tó sọnù. Mo wá ṣe ohun tí gbogbo obìnrin ilé wa ì bá ṣe. Mo so wọ́n mọ́ etí ìró mi, mo ta á ní kókó méjì, mo fi há ìbàdí. Mo gbẹ́ ilẹ̀, mo sin àfọ́kù ìgò. Kí àpò ọrùn mi má bàa rọ̀, mo kó èso ọ̀pẹ méjì sínú rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé n kò fi nǹkan kan ṣòfò, ìgò lásán ló fọ́. Ẹ̀rù ẹgba ló ń bà mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Mo rò pé bí wọ́n bá mọ̀, wọn á gba Bàbá Àgbà lọ́wọ́ mi, wọn á fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí àyà bá ti fún un, á di ojú, èmi á yíjú padà, màá fi eyín tú kókó, màá fún un ní hóró kan. Kò mọ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, orí fọ́ ọ bó ṣe máa ń fọ́ ọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó ní orí kàn ń ta òun fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Nígbà tó fi máa tó bí ọ̀sẹ̀ méjì, kò sọ̀rọ̀ orí mọ́ rárá, kò sì sọ pé ó ń ta òun lábẹ́ ahọ́n. Àyà náà ń tú, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kó tó tú. Ìyá Àgbà ṣe kí ni? Ó yọ̀! Ó ní oògùn ti mọ ọkọ òun lára, ó ti fi orí rẹ̀ sílẹ̀, ó gbájú mọ́ àyà. Ó dín àkàrà, ó pín in káàkiri àdúgbò, ó fi dúpẹ́. Bàbá Àgbà pàápàá ń yangàn pé òun ti ṣẹ́gun oògùn òyìnbó. Mo jẹ àkàrà náà, mo jẹ ẹ́ yó. Inú mi dùn pé ìgò tó fọ́ kò ba nǹkan kan jẹ́, pé ó tiẹ̀ dà bí ẹni pé etí ìró mi ló tún oògùn ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Délégé kéde pé kí ilé kọ̀ọ̀kan mú èèyàn wá sí oko àpapọ̀, oko àgbàdo tí gbogbo àdúgbò ń dá fún ìlú. Ìyá Àgbà ní òun á lọ. Bàbá Àgbà ní, "Ṣé kí wọ́n wá sọ pé kò sí ọkùnrin nílé mi?" Òun náà lọ, èmi tẹ̀lé wọn. Oòrùn kò tíì mú. Àwọn ènìyàn ń kọrin, ọkọ́ ń dún ní ìró kan náà, Bàbá Àgbà kọ ebè kan, ó kọ èkejì. Lójú mi báyìí, ó gbé ọkọ́ sókè, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ bí ère. Lẹ́yìn náà, ó rọra jókòó sórí ebè.

Mo ti débẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Mo fi hóró kan sí i lábẹ́ ahọ́n. A dúró. Ètè rẹ̀ ń yí sí àwọ̀ eérú. Mo bi í pé, "Ṣé ó ń ta yín?" Ó mi orí pé rárá. Àwọn ènìyàn ti yí wa ká. Mo fún un ní ìkejì. Ìyá Àgbà fi etí ìró rẹ̀ ń nu ojú ọkọ rẹ̀, ó ń wí fún gbogbo ènìyàn pé, "Ẹ má pariwo, ó ti lo oògùn, ó ń ṣiṣẹ́, ẹ fún un láyè." Ẹnìkan ní kí wọ́n pọn ọ́n lọ sọ́dọ̀ Màjọ̀, Ìyá Àgbà kọ̀, ó ní, "Oògùn ń ṣiṣẹ́, ẹ ò rí i pé orí kò fọ́ ọ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣí mi lójú. Ìgbà tí orí bá ń fọ́ ọ ni àyà rẹ̀ máa ń tú kíákíá. Láti ìgbà tí orí kò ti fọ́ ọ mọ́, ìsinmi nìkan ló ń gbà á. Èmi nìkan ló mọ ohun tí ó yí padà láàárín. Gbogbo àdúgbò ń wò mí, Délégé ń wò mí, Ìyá Àgbà ń wò mí. Bí mo bá dákẹ́, wọn á dúró kí oògùn ṣiṣẹ́, Bàbá Àgbà á sì kú sí wa lọ́wọ́.

Mo ní, "Oògùn yìí ti kú."

"Kí lo wí?"

"Ó ti kú, Ìyá Àgbà. Mo fọ́ ìgò. Etí ìró mi ni mo so ó mọ́." Mo já àpò ọrùn mi, mo dà á sílẹ̀ níwájú wọn, èso ọ̀pẹ méjì yí lọ sórí ebè. "Ẹ sáré pe Màjọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró!"

Kò sẹ́ni tó lù mí. Kò sẹ́ni tó rí àyè rẹ̀. Délégé, tí mo sáré kí n má bàa di ìyàwó rẹ̀, òun ló ju ọkọ́ sílẹ̀ tó fò sórí mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré rẹ̀. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ títí ó fi dé ọ̀nà, mo gbọ́ ọ nígbà tó ń padà bọ̀, Màjọ̀ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó di àpótí oògùn mọ́ àyà. Láàárín méjèèjì yẹn, Bàbá Àgbà di ọwọ́ mi mú. Bí mo ti dàgbà tó yìí, n kò tíì rí àkókò tó gùn tó bẹ́ẹ̀, àti ti ìrọbí pàápàá.

Màjọ̀ gbọ́ àyà rẹ̀, ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ṣí ìgò tuntun, ó fi hóró kan sí i lábẹ́ ahọ́n. Bàbá Àgbà lanu díẹ̀, ó ní, "Ó ń ta mí." Ìyá Àgbà di orí mú. A dúró. Àwọ̀ ètè rẹ̀ ń padà díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ sí iwájú orí, ó kígbe pé, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, orí ń fọ́ mi o!"

Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ sórí ebè, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òkú ọ̀run, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ Révólúsọ̀n, kó má bàa fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Délégé ń pàtẹ́wọ́. N kò rí i rí kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún orí fífọ́.

Ọkọ̀ akérò kan ló gbé e lọ sí Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì lo ọjọ́ mélòó kan ní ọsibítù kó tó padà wálé. Màjọ̀ ní kí n mú etí ìró mi wá. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Ṣé o mọ lọ́fínńdà? Bí o bá ṣí i sílẹ̀, ìgò á wà, omi inú rẹ̀ á fò lọ. Báyìí ni tírínítírìn. Hóró ni ojú rẹ rí, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú hóró ti fò, aṣọ rẹ ló mu ún, ooru ara rẹ sì ràn án lọ́wọ́." Ó wá ní, "Ó yẹ kí n ti sọ ìdí rẹ̀ fún yín." Ọ̀rọ̀ yẹn, àgbàlagbà tó ka ìwé sọ ọ́ fún ọmọ tí kò ka ìwé, ó wà lára ohun tí mo ń dúpẹ́ fún. Ìyá Àgbà tú etí ìró tirẹ̀ wò pẹ̀lú ìfura, ó ní, "Kò sọnù, síbẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ayé yìí!"

Nígbà tí Bàbá Àgbà dé, mo sá pamọ́ sẹ́yìn ẹkù. Ó pè mí. Mo kúnlẹ̀, mo ti ń sunkún. Ó ní, "Ta ló fọ́ ìgò?" Mo ní èmi ni. "Ta ló sọ pé oògùn ti kú?" Mo ní èmi náà ni. Ó ní, "Ó dára. Okùn tó bá fẹ́ já máa ń sọ̀rọ̀ kó tó já. O gbọ́ ọ, o sì wí." Ó yọ ìgò tuntun jáde nínú àpò, ó gbé e kọ́ mi lọ́rùn. N kò rò pé ẹnìkan tún fún mi ní ohun tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Kò gun ọ̀pẹ mọ́. Ó ń jókòó nísàlẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́, ó ń bú wọn. Bó bá sì ti lo oògùn, tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, á pè mí: "Àníkẹ́, ó ti dé." Èmi á dáhùn láti ibi yòówù kí n wà pé, "Ẹ kí i káàbọ̀!" Ó rí ìgbéyàwó mi. Ó gbé àkọ́bí mi lọ́wọ́. Oorun ló gbé e lọ nígbẹ̀yìn, láìsí igbà láyà.

Rafiatu, ọmọ ọmọ mi tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Àjàṣẹ́. Òun ló sọ fún mi pé ohun tí àwọn ọ̀gá Màjọ̀ ń wá, wọ́n ti rí i. Ó ní ẹran tín-ín-rín ló yí iṣan ẹ̀jẹ̀ ká, bí ó bá fún, ọ̀nà á há. Bí oògùn bá ti dé ara iṣan, á di afẹ́fẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ gùn ní Faransé, mónóksíìdì dàsọ́ọ̀tì. Afẹ́fẹ́ yẹn á wọ inú ẹran náà, á sọ fún un pé kó dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rí ọ̀nà, ẹrù ọkàn á sì fúyẹ́. Ó ní kì í ṣe àlejò, pé inú iṣan wa gan-an ń ṣe é fúnra rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa, pé ọjọ́ orí àti àìsàn ló ń mú un dínkù. Mo ní kó tún un sọ. Ṣé ara mi ló ń wí fún ara mi pé kó dẹ igbà? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní Bàbá Àgbà mọ̀ ọ́n, ìdí ọ̀pẹ ló ti kọ́ ọ. Mo sì sọ fún un pé ìgbàkígbà tó bá fún ènìyàn ní oògùn, kó sọ ìdí rẹ̀ fún un, kó má fi èèrà sílẹ̀ fún wọn láti rò.

Igbà náà ti wá yí àyà èmi náà ká. Ìgò mi wà lórí tábìlì, ó dé pinpin. Ní àná, a dá ọ̀rọ̀ yìí dúró lágbedeméjì, torí àyà fún mi. Mo jókòó, mo fi hóró kan sábẹ́ ahọ́n, Rafiatu lọ sí ìdí ààrò láti bu omi wá. Ó ta mí. Mo dúró. Nígbà tó yá, iwájú orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, n kò sì mọ ìgbà tí mo la ẹnu pé, "Ó ti dé."

Láti ìdí ààrò, ohùn kan dáhùn pé, "Ẹ kí i káàbọ̀!"